Igi Tí Samuel Dúródọlá Gbìn sí Orí Ìsun

Ohun méjì ni wọ́n máa ń sọ nípa Samuel Dúródọlá ní Anglo Jos, méjèèjì ni kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní ó gbin igi sórí ilẹ̀ onílẹ̀ ní Naraguta kí ó lè fi ọgbọ́n gba ilẹ̀ náà. Àwọn mìíràn ní ó gé igi náà nítorí pé òpó ń tà dáadáa ní ọjà Farin Gada. Àwọn tó ń sọ ti àkọ́kọ́ kò sí níbẹ̀ nígbà tó gbìn ín. Àwọn tó ń sọ ti ìkejì kò sí níbẹ̀ nígbà tó gé e. Nítorí omi ni ó ṣe gbìn ín, nítorí omi náà ni ó sì ṣe gé e. Omi ọ̀hún kò tó nǹkan lójú ẹni tó ń kọjá: ìsun kékeré kan ni, tó ń jáde lábẹ́ àpáta lórí ilẹ̀ Abraham, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ilé Abraham ló ń mu ún, òun náà ni wọ́n sì fi ń bomi rin ọgbà wọn láti ìgbà tí òjò bá ti dá títí di ìgbà tí yóò tún bẹ̀rẹ̀. Ohun tí Samuel fẹ́ ni kí omi yẹn má gbẹ. Bí ó ṣe wá gbẹ ni mo fẹ́ sọ, nítorí ó yẹ kí ẹnì kan sọ ọ́ bí ó ṣe rí gan-an.

Ìjẹ̀ṣà ni Samuel. Abúlé kan lẹ́bàá Ìpetu ni wọ́n bí i sí, nínú igbó tó jẹ́ pé ènìyàn lè rìn láti àárọ̀ di ọ̀sán kí oòrùn má kàn án lórí. Àgbẹ̀ ni baba rẹ̀. Òfin oko méjì ni baba náà tẹnu mọ́ fún un kí ó tó kúrò nílé, Samuel kò sì gbàgbé ìkankan nínú wọn. Èkínní ni pé a kì í gé igi orí odò. Igi tó wà níbi tí odò ti ń sun ló di omi mú. Ẹni tó bá gé e, àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò máa rin ọ̀nà jíjìn lọ pọnmi. Ìkejì ni pé ẹni tó tọrọ ilẹ̀ dáko kì í gbin ohun tó ń pẹ́ nílẹ̀. Ó lè gbin iṣu, ó lè gbin àgbàdo, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin kòkó tàbí obì, nítorí ẹni tó gbin igi ti ń wá ọ̀nà láti di onílẹ̀. Ní ilé wa, ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ilẹ̀, ìdí igi ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ó dé Jos ní ọdún 1951, lẹ́yìn àbúrò ìyá rẹ̀ kan tó jẹ́ akọ̀wé rélùwéè. Òun kò rí iṣẹ́ rélùwéè ṣe. Ilé-iṣẹ́ kùsà kan tó ń wa tánńganran lẹ́bàá Naraguta ló gbà á, wọ́n sì fi í sídìí ẹ̀rọ tí ń ti omi. Ẹni tí kò rí iṣẹ́ yẹn rí lè rò pé ọkọ́ àti ṣọ́bìrì nìkan ni wọ́n fi ń wa kùsà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi ni wọ́n ń ti inú páìpù ńlá tú lu ẹ̀gbẹ́ òkè, títí ilẹ̀ yóò fi yọ́ di ẹrẹ̀, tí ẹrẹ̀ yóò máa ṣàn lọ, tí tánńganran tó wúwo yóò sì rọ̀ sísàlẹ̀. Ilẹ̀ tó ṣàn lọ, kò sí ẹni tó bèèrè rẹ̀.

Ibẹ̀ ni òun àti Abraham ti pàdé. Ọmọ ẹ̀yà Anaguta ni Abraham, ilẹ̀ baba rẹ̀ kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ń gbẹ́, lábẹ́ Samuel ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, etí kòtò tí Samuel dúró sí bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀, Abraham sì di ẹ̀wù rẹ̀ mú lẹ́yìn, ó fà á títí ẹ̀wù náà fi ya. Ilẹ̀ náà wó sínú omi níwájú wọn. Láti ọjọ́ náà, Samuel máa ń sọ pé Abraham jẹ òun ní ẹ̀wù kan, Abraham á sì ní òun ti fi ẹni tó wọ̀ ọ́ san án. Hausa ni wọ́n jọ ń sọ, nítorí náà ìtumọ̀ ni ọ̀rọ̀ Abraham tí mo kọ síhìn-ín. Baban Lydia ló máa ń pe Samuel, nítorí Lydia ni àkọ́bí rẹ̀.

Nígbà tó fi máa di ọdún 1974, kùsà kò mówó wọlé mọ́ bíi ti àtẹ̀yìnwá, ilé-iṣẹ́ náà sì dá ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ dúró. Samuel wà nínú wọn. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ ni àwọn kòtò ńláńlá tí omi kún, àti òkìtì iyanrìn funfun tí koríko kò lè hù lórí rẹ̀. Ó sọ fún Keziah, ìyàwó rẹ̀, pé ní gbogbo ìgbà tí òun wà lẹ́nu iṣẹ́, òun kò rí i.

“Ariwo ẹ̀rọ kò jẹ́ kí n rí i,” ni ó wí.

“Bàbá Lydia,” ni Keziah dáhùn, “ojú kọ́ ni wọ́n fi ń gbọ́ ariwo.”

Nígbà tí Abraham rí i pé ọ̀rẹ́ òun jókòó sílé láìníṣẹ́, ó fún un ní ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́bàá ìsun náà kí ó máa fi gbin ẹ̀fọ́. Nísàlẹ̀ ibẹ̀ ni Grace, ìyàwó Abraham, ní ọgbà tirẹ̀, níbi tó ti ń gbin kábééjì, tòmátì àti ọ̀dùnkún òyìnbó tó ń rù lọ sí Farin Gada. Ọ̀dá ọdún tó ṣáájú kò tíì kúrò lọ́kàn ẹnikẹ́ni. Ìsun náà kò gbẹ ní ọdún ọ̀dá yẹn, ṣùgbọ́n ó rẹlẹ̀, Grace sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ lójú Samuel pé bí irú ọdún bẹ́ẹ̀ bá tún wá lẹ́ẹ̀kan sí i, òun kò mọ ibi tí àwọn yóò gbà. Samuel wo orí ìsun náà. Kò rí igi níbẹ̀. Ohun tó rí ni igbó kúkúrú ṣákaṣàka tó wọ́ mọ́ra lẹ́bàá àpáta. Lójú ọmọ Ìjẹ̀ṣà, igi ni ohun tí ènìyàn gbójú sókè wò tí fìlà jábọ́. Ó sọ fún Grace pé kí ó má ṣèyọnu, òun mọ ohun tí òun yóò ṣe.

Kò ṣe é láìbèèrè. Ẹni tó bá ń sọ pé ó fi ọgbọ́n gba ilẹ̀, kí ó gbọ́ èyí. Ó ra obì, ó ní kí Abraham mú òun lọ bá àwọn àgbà ilé wọn, ó sì dúró níwájú wọn.

“Ilẹ̀ kì í ṣe tèmi,” ni ó wí. “Igi tí mo bá sì gbìn síbẹ̀, kì í ṣe tèmi. Bí mo bá kú, kí ọmọ mi kankan má wá bèèrè rẹ̀.”

Àgbà kan tó jókòó sórí òkúta wò ó. “Haba, Baban Lydia. Igi tí o fọwọ́ ara rẹ gbìn? Ta ni yóò wá ni ín?”

“Omi ni kí ó ni ín.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, Abraham náà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì jẹ obì. Bí Samuel ṣe sún òfin kejì baba rẹ̀ sẹ́yìn nìyẹn kí ó lè pa èkínní mọ́.

Igi tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà náà ni yúkàlípítọ́ọ̀sì, tí àwọn Hausa ń pè ní tùràrè nítorí òórùn ewé rẹ̀. Orí ilẹ̀ tí kùsà ti bàjẹ́ ni wọ́n ní kí wọ́n máa gbìn ín sí, nítorí ó ń yára dàgbà, kò sì bẹ̀rù ilẹ̀ burúkú. Èmi kò ní sọ pé igi burúkú ni. Lórí òkìtì iyanrìn tí nǹkan mìíràn kò lè hù, iṣẹ́ gidi ló ń ṣe. Òpó iná àti òrùlé ilé wa, òun ni. Ibi tí ènìyàn gbìn ín sí ni ọ̀rọ̀ wà.

Kí ó tó gbìn ín, Samuel hú gbogbo igbó kúkúrú náà kúrò lórí ìsun, ó sì ta okùn kí ìlà lè gún. Abraham ràn án lọ́wọ́ títí wọ́n fi dé ìdí igi ọ̀pọ̀tọ́ kan tó tẹ̀ sórí omi.

“Fi ìyẹn sílẹ̀,” ni Abraham wí.

“Ó wọ́. Yóò ba ìlà jẹ́.”

“Ìlà ta ni? Abẹ́ rẹ̀ ni ìyá mi máa ń jókòó sí bí ó bá pọnmi tán. Ṣé ìlà rẹ dàgbà ju ìyá mi lọ ni?”

Samuel fi ọ̀pọ̀tọ́ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò dùn mọ́ ọn. Títí ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, bí ó bá mú ènìyàn lọ wo igi rẹ̀, ó máa ń tọrọ àforíjì nítorí ọ̀kan tó wọ́ yẹn.

Àwọn tùràrè náà dàgbà bí ìgbà tí ènìyàn ń fà wọ́n sókè. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ga ju ilé lọ, ara wọn funfun, wọ́n tò bí ọmọ ilé-ìwé tó ń dúró de aago. Láti ọ̀nà ńlá ni ènìyàn ti ń rí wọn. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í pe Samuel ní Baba Elégi, ó sì ń jẹ́ orúkọ náà. Lááwàlì, ọmọ Ìlọrin kan tó ń ta òpó àti pákó létí ọjà Farin Gada, wá wò wọ́n, ó fọwọ́ gbá ọ̀kan, ó sì rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà kì í dáwọ́ lé nǹkan lásán. Èwo lẹ máa tà fún mi nínú rẹ̀?”

“Kò sí èyí tí mo máa tà.”

“Ẹ fẹ́ máa jókòó sí i níwájú, kí ẹ máa kọrin fún un?”

“Omi ló ni ín, Lááwàlì.”

“Tó, kò burú. Bí omi bá fẹ́ tà á, kí ó ránṣẹ́ sí mi.”

Ọdún 1979 ni Grace kọ́kọ́ sọ pé igbá kò lè rì sínú ìsun náà mọ́ nígbà ọyẹ́. Abọ́ ni wọ́n fi ń gbọ́n ọn sínú garawa. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, omi náà kò dé ẹsẹ̀ ọgbà mọ́. Samuel wò ó, ó sì wádìí ọ̀rọ̀ náà lọ́nà tí ọmọ ibi tí wọ́n ti bí i yóò gbà wádìí rẹ̀. Omi ń dín kù. Nítorí náà, igi kò tó. Ó lọ gba ọmọ igi sí i. Ó gbìn wọ́n sí àárín àwọn ti àkọ́kọ́, ó gbìn wọ́n sókè àpáta, ó gbìn wọ́n dé etí omi gan-an, níbi tí ó jẹ́ pé ọ̀pọ̀tọ́ náà nìkan ló wà tẹ́lẹ̀. Bí omi bá ti rẹlẹ̀ sí i, òun náà á tún gbìn sí i. Inú rere ni ó fi ń ṣe é. Ó máa ń rin ìrìn ẹsẹ̀ láti Anglo Jos lọ síbẹ̀, á sì máa gbé omi láti ìsun náà gan-an fi bomi rin àwọn ọmọ igi náà kí wọ́n má kú.

Kí a má sì parọ́ mọ́ igi: òjò náà ń dín kù ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Ó ń pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ó sì ń tètè lọ. Ẹni tó bá ní igi nìkan ló mú ìsun náà gbẹ kò tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹni tí oúnjẹ inú ìkòkò rẹ̀ kò tó kì í pe àlejò tó ń jẹ púpọ̀ wọlé, kí ó tún wá fi í sí ẹ̀gbẹ́ ààrò.

Keziah ló kọ́kọ́ rí i. Ó fẹ́ gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ sí àárín àwọn igi náà, kò hù. Koríko pàápàá kò hù níbẹ̀. Ewé gbígbẹ nìkan ló tẹ́ sílẹ̀. Ó gbẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, ó sì rékọjá lọ gbẹ́ ilẹ̀ nídìí ọ̀pọ̀tọ́. Ó di iyẹ̀pẹ̀ méjèèjì sí etí gèlè rẹ̀ méjì, ó gbé e délé, ó sì tú u sórí tábìlì níwájú ọkọ rẹ̀.

“Ẹ fọwọ́ kàn án,” ni ó wí.

Ọ̀kan dà bí eérú. Èkejì lẹ̀ mọ́ ìka rẹ̀.

“Òjìji ọ̀pọ̀tọ́ nípọn ni,” ni Samuel wí.

“Bàbá Lydia, ẹ̀yin lẹ ní ibi tí igi bá wà ni omi wà. Igi méjèèjì nìyí.”

Samuel dìde, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó sì yíjú padà. “Baba mi kì í parọ́.”

“Èmi kò ní wọ́n parọ́,” ni Keziah wí. “Baba yín kò rí tùràrè rí.”

Samuel kò ṣe nǹkan kan. Ó ti kọjá ẹni ọgọ́ta ọdún. Iṣẹ́ tó pẹ́ nídìí rẹ̀ jù láyé ló sọ ilẹ̀ di kòtò, àwọn igi yìí sì ni ohun tó fẹ́ fi dípò rẹ̀. Ó rọrùn fún un láti dúró de òjò. Ó ní bí òjò ọdún tó ń bọ̀ bá dára, ìsun yóò padà. Òjò ọdún náà, 1983, ló burú jù.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ìsun náà kò sun mọ́. Ilẹ̀ tútù díẹ̀ ló kù lábẹ́ àpáta, oyin nìkan ló ń bà sórí rẹ̀. Àwọn obìnrin ilé Abraham bẹ̀rẹ̀ sí í lọ pọnmi nínú kòtò kùsà àtijọ́ kan, ní òdìkejì òkè. Omi ibẹ̀ kì í gbẹ, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ga, iyanrìn sì ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní oṣù Kejì ọdún 1984, Grace sọ̀kalẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú garawa rẹ̀. Etí kòtò náà wó lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn méjì tó tẹ̀ lé e gbọ́ ìró rẹ̀, wọn kò rí i mọ́. Ọ̀sán ti pọ́n kí wọ́n tó gbé òkú rẹ̀ jáde.

Kò sí ẹni tó sọ fún Samuel irú kòtò tó jẹ́. Ó mọ̀ ọ́n. Òun ló ṣọ́ ẹ̀rọ tó ti omi tó gbẹ́ ẹ, ibẹ̀ náà sì ni Abraham ti fa ẹ̀wù rẹ̀ ya.

Òun àti Keziah lọ kí wọn. Àwọn àgbà tó jẹ obì níjọ́sí jókòó sí àyè wọn, kò sí èyí tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn sọ ọ́ láìwojú ẹnikẹ́ni, ó ní, “Igi àlejò ló mu omi wa.” Samuel dúró bí ìgbà tí wọ́n ń ka ẹ̀sùn sí i lọ́rùn. Abraham wà lórí ẹní, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì.

“Abraham,” ni Samuel wí, “mo máa gé e. Gbogbo rẹ̀.”

Abraham dáhùn. “Gé e, Baban Lydia. Tàbí kí o má gé e. Grace kò ní pọnmi nínú ìsun náà mọ́.”

Ọ̀rọ̀ tó sọ fún Samuel kẹ́yìn nìyẹn. Kò bínú jáde. Kò bú u, kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn bú u lójú òun. Ó kàn dákẹ́ ni, bí wọ́n bá sì pàdé lójú ọ̀nà, á gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, á kọjá lọ. Samuel ní ó sàn kí ó gbá òun létí.

Wọ́n gé igi náà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ó mú ọ̀pọ̀ ọjọ́. Samuel jókòó sórí àpáta, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń wó lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà ńlá sì bẹ̀rẹ̀ sí í hàn láti ibi tó jókòó sí, bí ó ṣe hàn kí ó tó gbìn wọ́n. Nígbà tí wọ́n dé ìdí ọ̀pọ̀tọ́, ẹni tó ń gé igi bèèrè bóyá kí òun gé ìyẹn náà, kí ilẹ̀ lè mọ́ tónítóní. Samuel dìde lórí àpáta, ó lọ dúró síwájú rẹ̀ títí ọkùnrin náà fi kọjá.

Lááwàlì ló gbé ọkọ̀ wá kó òpó náà. Kò ṣe yẹ̀yẹ́ kankan ní ọjọ́ yẹn. Ó kàn bèèrè ibi tí òun yóò kó wọn sí.

“Kó wọn fún ilé Abraham,” ni Samuel wí. “Kí wọ́n fi ṣe òrùlé. Àwọn ló ni ín.”

Lááwàlì lọ, ó sì padà pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, wọn kò gbà á. Wọ́n ní òórùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ ilé àwọn.”

Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ náà ṣe gba ọ̀nà Farin Gada lọ lójú gbogbo ènìyàn, tí àwọn tó rí i fi ń sọ títí di òní pé Samuel ta igi. Lááwàlì fi òpó náà ṣe ọgbà yí ilé-ìwé kéwú kan ká. Ó sọ fún mi fúnra rẹ̀ pé òun kò lè ta á.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀ kò mọ tùràrè. Nígbà tí òjò rọ̀, gbogbo kùkùté tí wọ́n gé ló hu èéhù. Kì í ṣe ẹyọ kan. Ìdìpọ̀ ni, wọ́n ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kùkùté bí ìka ọwọ́. Samuel lọ bá wọn pẹ̀lú àdá kékeré, ó ṣẹ́ wọn tán. Nígbà tó padà lọ lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n ti tún yọ. Ẹnì kan gbà á nímọ̀ràn pé kí ó da epo kẹrosíìnì sí kùkùté náà, kí ó sì dáná sun ún. Ó ní omi ni òun ń wá níbẹ̀, òun kò ní fi epo pa á. Nítorí náà ó ń fi ọwọ́ ṣẹ́ wọn. Láti ọdún 1984 títí di ìgbà tí ara rẹ̀ kọ̀ fún un, gbogbo ọjọ́ Sátidé ni ó ń lọ. Òjò tilẹ̀ sàn díẹ̀ nígbà tó yá, ṣùgbọ́n ilé Abraham kò kún mọ́ bíi ti àtijọ́. Àwọn ọmọ ti wá iṣẹ́ lọ sínú ìlú, ọgbà Grace sì di koríko.

Ohun tó dùn ún jù ni ti igbó kúkúrú tó hú níjọ́ àkọ́kọ́. Ó wá yé e pé àwọn ló di omi náà mú, pé igi orí odò tí baba rẹ̀ ní kí a má gé ni wọ́n. Ó fẹ́ dá wọn padà. Ṣùgbọ́n kò mọ orúkọ wọn, kò sì rántí bí ewé wọn ṣe rí, nítorí ní ọjọ́ tó ń hú wọn, kò wò wọ́n. Abraham nìkan ló mọ̀ wọ́n. Lẹ́ẹ̀mejì ni Samuel rìn dé ẹnu ọ̀nà àgbàlá Abraham, lẹ́bàá ọgbà ọrọ́ tó yí i ká, láti lọ bèèrè. Lẹ́ẹ̀mejèèjì ló padà. Ó ní ènìyàn kò lè lọ jí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kí ó bi í léèrè orúkọ ewé.

Ní ìparí ọdún 1988, àìsàn àyà dá a dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn. Èémí rẹ̀ ń dún bí ewé gbígbẹ. Nígbà tí Sátidé kejì dé, ó ń fẹ́ dìde. Keziah gba àdá náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lọ dípò rẹ̀.

Ó bá Abraham níbẹ̀. Ó tẹ̀ ba, ó ń ṣẹ́ èéhù láti ìdí kùkùté kan dé èkejì, irun orí rẹ̀ ti funfun tán. Ó ti ṣe gbogbo apá òkè. Keziah kí i, ó dáhùn.

“Kò wá lọ́sẹ̀ tó kọjá,” ni Abraham wí. “Ṣé ara rẹ̀ kò le ni?”

“Ó wà lórí ibùsùn.”

Abraham mi orí. Ó fi ọwọ́ han Keziah ibì kan lẹ́bàá àpáta. Ó ti gbin nǹkan síbẹ̀, igi wẹ́wẹ́ kan tí ewé rẹ̀ kò tóbi ju èékánná lọ, ó sì fi òkúta yí i ká kí ewúrẹ́ má jẹ ẹ́. Ó ní ẹ̀yìn òkè ni òun ti rí i, pé irú rẹ̀ ni ó kún ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Keziah bèèrè orúkọ rẹ̀, Abraham sì sọ ọ́ fún un ní èdè tiwọn. Ó ní kí ó sọ ọ́ fún Baban Lydia.

Keziah ń pe orúkọ náà lẹ́nu ní gbogbo ọ̀nà. Ó pè é títí tó fi wọ ọkọ̀, títí tó fi sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n èdè tí kò gbọ́ ni, nígbà tó sì fi dé Anglo Jos, kò sí lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ bí ó ṣe rí. Samuel gbọ́ ọ títí.

“Omi ń kọ́?” ni ó bèèrè.

“Kò sun. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tutù, ó lẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀.”

“Nídìí tiwa?”

Keziah kì í parọ́. “Nídìí ọ̀pọ̀tọ́ ni.”

Samuel ní, “Igi tó gbìn yẹn. Kí ni o ní ó pè é?”

“Mo gbàgbé. Ẹ má bínú. N óò padà lọ bèèrè.”

“Kò burú,” ni Samuel wí. “Abraham mọ̀ ọ́n.” Ó sì yí ojú sí ògiri.

Ó kú kí Sátidé mìíràn tó dé. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ sílé, wọ́n sin ín sí Ìpetu, níbi tí igi ti pọ̀ jù fún ẹnikẹ́ni láti kà á sí nǹkan. Nígbà tí Keziah padà dé Jos, ó gbé àdá kékeré náà, ó sì lọ bèèrè orúkọ igi náà lọ́wọ́ Abraham. Lọ́tẹ̀ yìí ó ní kí Abraham pè é díẹ̀díẹ̀, ó sì ń pè é tẹ̀ lé e títí ó fi mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tí yóò lọ sọ ọ́ fún mọ́.